Fífi máíkírowéèfù yọ èròjà lára ewé: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí n'Íbàdàn, àti èsì mi

Ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń yẹ ewé àti egbò wò. Bí mo bá dé Bódìjà láti ra ọjà, ìbéèrè ni àwọn lẹ́kùlẹ́jà fi ń kí mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní tiwọn, àwọn tó ń po ọṣẹ àti ìpara náà ní tiwọn. Mo kó èyí tí mo ń gbọ́ jù jọ síbí, nítorí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ kò tó fún ọ̀rọ̀ yìí.

Kí lẹ ń yọ lára ewé gan-an?

Ewé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ já ewúro kan: omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, fọ́nrán tó mú un dúró tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn èròjà kéékèèké tí ewé fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Èyí tó mú ewúro korò wà lára wọn, èyí tó ń mú efinrin ta sánsán, èyí tó mú ìṣápá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn wọ̀nyí là ń wá. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n há sí, ògiri sẹ́ẹ̀lì sì le. Iṣẹ́ wa ni ká wá nǹkan olómi tó lè wọlé tọ̀ wọ́n, kó yọ́ wọn, kó sì gbé wọn jáde láìba wọn jẹ́.

Ẹ̀yin náà ti ń ṣe é nílé. Nígbà tí ẹ bá ń fọ ewúro, tí omi rẹ̀ ń ṣú, tó ń hó lọ́wọ́ yín bí ọṣẹ, èròjà tí à ń pè ní sàpónínì ló ń hó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ló fọ́ sẹ́ẹ̀lì, omi ló gbé èròjà jáde.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín máíkírowéèfù àti iná gáàsì? Ṣebí ooru ni ooru ń jẹ́?

Ibi tí ooru gbà wọlé ló yàtọ̀. Bí a bá gbé ìkòkò agbo ka iná, iná á mú ìkòkò gbóná, ìkòkò á mú omi gbóná, omi á wá mú ewé gbóná. Láti ìta ni ooru ti ń rìn bọ̀ wá sínú, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìgbì máíkírowéèfù kò dúró de ìkòkò. Ó la dígí kọjá, ó sì lọ bá omi tó wà nínú ewé fúnra rẹ̀.

Mólékúùlù omi ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí agbára iná wọn kò dọ́gba: ọ̀kan jẹ́ pọ́sítíìfù, ìkejì nẹ́gátíìfù. Ìgbì inú máíkírowéèfù ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà bílíọ̀nù 2.45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mólékúùlù omi sì ń gbìyànjú láti máa bá a yí. Yíyí yẹn, àti bí wọ́n ṣe ń fara gbún ara wọn, ló ń di ooru. Àwọn iyọ̀ inú ewé náà ń sáré síwá sẹ́yìn, tiwọn náà ń di ooru.

Ẹ wo bí gúgúrú ṣe ń bẹ́. Omi díẹ̀ ló wà nínú hóró àgbàdo. Bí omi yẹn bá di oruku (èéfín omi gbígbóná) tó ń wá ọ̀nà àbáyọ, èèpo kò lè mú un mọ́, ó bẹ́. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ewé, àmọ́ ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ògiri ya, èròjà tú síta, ohun olómi tó yí i ká sì gbà á. Ìdí nìyí tí ohun tó ń gba odidi ọjọ́ fi lè parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi máa ń jẹ́ kí ewé gbígbẹ kọ́kọ́ rin nínú omi kó tó wọ ẹ̀rọ: ibi tí omi kò bá sí, ìgbì kò rí nǹkan dì mú.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí?

Percy Spencer, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rédà, ló ṣàkíyèsí ní 1945 pé ṣokoléètì inú àpò òun ti yọ́ nígbà tí òun dúró nítòsí ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni máíkírowéèfù ìdáná ti wá. Ní 1986, Ganzler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́ngárì kọ̀wé jáde pé àwọn ti fi í yọ èròjà lára irúgbìn àti oúnjẹ. Ṣáájú àsìkò yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò gbójú lé ni ẹ̀rọ onígíláàsì tí Franz von Soxhlet, ará Jámánì, ṣe ní 1879 láti fi yọ ọ̀rá lára wàrà. A ṣì ń lo Soxhlet dòní. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó lè gbà wá ní wákàtí 6, nígbà mìíràn 24.

Ṣé omi nìkan ni ẹ ń dà sí i?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àwọn ìyá wa ti dáhùn rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ilé àyẹ̀wò. Agbo kan wà tí a ń sè. Òmíràn, a ó rẹ ẹ́ sínú omidùn. Òmíràn sì wà, bí agbo jẹ̀dí, tó jẹ́ pé ọtí la ń rẹ ẹ́ sí. Wọn kò ṣe é lásán. Omi ń yọ́ àwọn èròjà tó fẹ́ràn omi. Omidùn a máa kan, nǹkan kíkan sì máa ń fa àwọn èròjà kan tí a ń pè ní alukalọ́ìdì jáde ju omi lásán lọ. Ọtí ní tiẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ oje líle àti òróró tí omi kò lè fọwọ́ kàn.

Nínú iṣẹ́ wa, ẹtanọ́ọ̀lù (èròjà tó ń pani nínú ọtí) tí a bù omi là, tí ẹtanọ́ọ̀lù rẹ̀ wà láàárín ìdá 50 sí 70 nínú 100, la máa ń kọ́kọ́ dán wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ní ìdí rẹ̀, mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo máa ń bu tọ́mẹ́ríìkì (atalẹ̀ pupa) lúbúlúbú sínú ife gíláàsì méjì, èyí tó tó ìdajì ṣíbí ìmutíì. Mo á da omi sí ọ̀kan, mo á da ẹtanọ́ọ̀lù sí ìkejì, mo á rò wọ́n, mo á sì fi wọ́n sílẹ̀ kí lúbúlúbú rẹ̀ rọlẹ̀. Omi tòkè nínú ife àkọ́kọ́ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìkẹ́yìn tí a fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀. Ìkejì á mọ́ gaara, á sì pọ́n bí epo tuntun tí oòrùn ń tàn sí. Kọ́kúmíìnì (curcumin), èròjà tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ ra tọ́mẹ́ríìkì, kò fẹ́ràn omi rárá.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó jọ mí lójú. Kì í ṣe gbogbo ohun olómi ni ìgbì yìí ń mú gbóná. Omi àti ẹtanọ́ọ̀lù ń gbà á dáadáa. Hexane, tí a fi ń yọ òróró, kò gbà á. Ìgbì ń la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá rẹ ewé tútù sínú hexane, omi inú ewé á gbóná, á bẹ́, òróró á jáde bọ́ sínú ohun tó ṣì tutù lóde. Òróró tí ooru lè bà jẹ́ bọ́ sí ìtura lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ó dára ju agbo tí ìyá mi ń sè lọ?

Ìyá kan tó ń ta egbò ní Ọjà-Ọba ló bi mí báyìí, ó sì wò mí lójú dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín mọ ewé ju àwa lọ ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá. Ẹ̀rọ kò mọ ewé. Ó kàn yára ni." Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn títí dòní. Máíkírowéèfù kò fi nǹkan kan kún ohun tó wà nínú ewé. Ohun tí ẹ dà sí i àti ìgbà tí ẹ gbé e kúrò lórí ooru ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí.

Ooru lè ṣeni lóore, ó sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ló ń wádìí fún ibà. Bí wọ́n bá sè é, kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó padà sí ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ, ó rí i pé níbẹ̀ wọ́n ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu omi rẹ̀. Kò sí sísè níbẹ̀. Ó wá lo ether, ohun olómi kan tó ń hó ní bí ìwọ̀n 35 dígírì péré, ní 1971 ewé náà sì jẹ́. Inú rẹ̀ ni artemisinin ti jáde, èyí tó wà nínú oògùn ibà tí à ń rà ní ilé ìpoògùn lónìí. Bí mo bá rí ẹni tó ń hó ewé gbogbo lọ́nà kan náà, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Aáyù náà nìyẹn. Èròjà alágbára inú rẹ̀, allicin, kò sí nínú aáyù odindi. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni ẹ́ńsáìmù kan ń dá a sílẹ̀. Bí aáyù odindi bá lo 60 ìṣẹ́jú àáyá péré nínú máíkírowéèfù, ẹ́ńsáìmù yẹn ti kú. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́, tí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó tó rí ooru, kì í pàdánù gbogbo rẹ̀. Atalẹ̀ ní tiẹ̀, bí ooru bá pọ̀, ohun tó ń ta nínú rẹ̀ máa ń yí padà di òmíràn tó ta jù ú lọ. Sóbò tó bá pẹ́ lórí iná máa ń ṣá, pípọ́n rẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ife agbo kan ni ìyá yín fẹ́ mu, kò nílò ẹ̀rọ mi. Bí a bá fẹ́ mọ iye èròjà tó wà nínú ewé, tàbí tí a fẹ́ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ní yí padà láti ìgò dé ìgò, ibẹ̀ ni máíkírowéèfù ti wúlò.

Mo gbọ́ pé ẹ lè yọ òróró efinrin láìda omi sí i rárá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan tí Farid Chemat wà lára wọn fi ọ̀nà yìí yọ òróró olóòórùn lára basil, tó jẹ́ ìbátan efinrin, àti mint pẹ̀lú thyme. Ìṣẹ́jú 30 ló gbà wọ́n. Ọ̀nà àtijọ́, tí a fi ń se ewé nínú omi, gba wákàtí 4 àbọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, aago méje àárọ̀ ni mo ra efinrin, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. A já ewé rẹ̀, a kó o sínú ìgò gíláàsì tó ní ikùn, a gbé e sínú máíkírowéèfù ilé àyẹ̀wò, irú èyí tí orí rẹ̀ lu kí ọ̀pá gíláàsì lè gba ibẹ̀ yọ síta. A kò da nǹkan kan sí i. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ewé rọ, ó ṣú, ó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Oruku bẹ̀rẹ̀ sí í bo inú ọ̀pá, ó kan ibi tí omi tútù ń gbà kọjá, ó sì ń kán tó, tó, tó. Omi ló kọ́kọ́ kán, omi inú ewé fúnra rẹ̀. Lórí omi yẹn ni mo rí i: òrùka tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ju ìbú èékánná lọ. Gbogbo yàrá ti ń ta sánsán bí ìgbà tí ènìyàn ń ro ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́. Odindi ìdì efinrin ló fi òrùka kékeré yẹn ta wá lọ́rẹ. Mi ò tún da efinrin nù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣé mo lè ṣe é nílé pẹ̀lú máíkírowéèfù tí mo fi ń gbóná ìrẹsì?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọtí, ẹtanọ́ọ̀lù tàbí ohunkóhun tó lè gbiná sínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín. Oruku ẹtanọ́ọ̀lù lè gbiná níbi tí kò gbóná tó yàrá wa n'Íbàdàn rárá, máíkírowéèfù ilé sì ní fáànù, ó ní bọ́tìnnì, ó ní iná kékeré nínú, èyíkéyìí nínú wọn lè ta pàrà. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò ní ọ̀nà tó ń gbé oruku síta, ó ní ohun tó ń wọn ooru, ó sì máa ń dá ara rẹ̀ dúró. Ti ilé kò ní wọ̀nyí. Ẹ má sì dé ìgò pa sínú rẹ̀. Ìgò tí oruku kò rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀ yóò bẹ́.

Omi lásán náà ní ewu tirẹ̀. Nínú ife tó dán, omi lè gbóná ju ìwọ̀n 100 dígírì lọ láìhó. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́ ló máa ta sókè sójú yín. Ẹ ti igi kékeré bọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó gbé e jáde.

Èmi náà ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi atalẹ̀ gbígbẹ lúbúlúbú sínú ẹ̀rọ, omi tí mo wọ́n sí i kò tó, mo sì tẹ agbára rẹ̀ dé òpin. Ojú rẹ̀ funfun, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo la òkìtì rẹ̀ sí méjì, àárín ti dú bí èédú, èéfín rú jáde. Ìgbì kì í dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba. Láti ìgbà náà, agbára kékeré ni mo ń lò, mo ń tan án fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo ń pa á, mo ń rò ó, kí n tó tún tan án.

Ṣé rédíéṣọ̀n kò ní kù sínú oje ewé náà?

Kò ní kù. Bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, ìgbì ti tán, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tán nígbà tí a bá pa gílóòbù. Ìdílé ìgbì rédíò ni, kì í ṣe ti àwòrán X-ray, kò sì lágbára láti sọ nǹkan di olóró. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé dáadáa ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Iná mànàmáná ńkọ́? Ṣé kì í jẹ yúnítì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Máíkírowéèfù tó ń fa wáàtì 1200 fún ìṣẹ́jú 10 jẹ yúnítì 0.2. Ohun ìgbóná tó ń fa wáàtì 300 péré lábẹ́ Soxhlet fún wákàtí 8 jẹ yúnítì 2.4. Ìlọ́po 12 nìyẹn. Èyí tó tún ṣe pàtàkì fún wa níbí ni pé iná lè lọ nígbàkigbà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 ń parí kí wọ́n tó mú iná lọ; iṣẹ́ wákàtí 8 máa ń dúró ní ìdajì, ewé á wà nínú ọtí tó ti tutù, ẹ kò sì ní mọ iye tó ti jáde. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù kò lè gbé máíkírowéèfù yìí.

Ṣé ènìyàn lè fi ṣòwò ńlá?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má rò pé ìkòkò ńlá ni gbogbo ohun tí ẹ nílò. Nínú omi, ìgbì yìí kì í wọlé ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ kó tó tán. Bí ẹ bá kó ewé kún àgbá, etí rẹ̀ á gbóná, àárín á tutù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń jẹ́ kí ewé àti omi rẹ̀ ṣàn gba inú ọ̀pá tóóró kọjá iwájú ìgbì, tàbí kí wọ́n lo ìgbì tó gùn ju ti ilé lọ, ti 915 mẹgahááàtìsì (ìgbà mílíọ̀nù 915 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tó ń wọlé jìn sí i.

Bí ẹ bá bi mí, ohun tí à ń dà nù ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ wo òkìtì èèpo ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń bó ọsàn tà: òróró limonene wà nínú rẹ̀, pẹ́ktìn tí a fi ń mú jáàmù dì wà nínú rẹ̀, máíkírowéèfù sì ń yọ méjèèjì dáadáa. Ẹ wo èèpo kòkó tó ń jẹrà nínú oko. Ìlú tí CRIN, ilé ìwádìí kòkó, wà ní ìtòsí rẹ̀ ní Ìdí-Ayunrẹ́, tí Ilé Kòkó sì ti dúró láti 1965, kò yẹ kó máa dáná sun èèpo kòkó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Ewé wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ewé tí ẹ pè é ni. Orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ewé méjì láti àdúgbò sí àdúgbò. Ẹ mú ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó lọ sí FRIN, ilé ìwádìí igbó, ní Jẹ́ríkò, níbi tí Forest Herbarium Ibadan wà. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè fi í wé èyí tí wọ́n ti sá pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, àmọ́ kó má di eruku, torí eruku kò ṣeé sẹ́. Gíráàmù kan ewé sí mìlílítà 10 sí 20 ohun olómi ló máa ń tó.

Ṣé mo lè mu ohun tó bá jáde?

Oje tí a fi mẹtanọ́ọ̀lù (ìbátan ẹtanọ́ọ̀lù tó jẹ́ májèlé) tàbí hexane yọ ní ilé àyẹ̀wò, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní agbègbè Òdè-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àyẹ̀wò sì tọ́ka sí mẹtanọ́ọ̀lù. Ó máa ń fọ́ ojú. Èyí tí a fi omi yọ pàápàá, agbára rẹ̀ lè ju ti agbo tí ara yín ti mọ̀ lọ, nítorí náà ife kan kì í ṣe ife kan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?

Ẹ má wo aago nìkan. Nígbà tí a bá ń kọ́ ewé tuntun, a máa ń bu díẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, a ń dà á sínú ọ̀pá gíláàsì kéékèèké, a sì ń tò wọ́n sí ojú fèrèsé. Ìṣápá la fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pá ìṣẹ́jú 1 pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti ìṣẹ́jú 2 pọ́n jù ú lọ, ti ìṣẹ́jú 3 pọ́n dòò, ti ìṣẹ́jú 4 bá a dọ́gba. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 7, etí rẹ̀ ti ń dà bí omi tíì. Ọmọbìnrin kan nínú wọn na ìka sí ti ìṣẹ́jú 3, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí ló yẹ ká ti pa á." Ibẹ̀ náà ni.